Àwárí: Eré Ìwákiri, Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan àti Erédò Sùǹgbọ́ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

 

1. Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀rọ̀

Nígbà tí mo sọ fún ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé eré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú gbọ̀ngán yìí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí léèrè bóyá ayò ni tàbí ìjàkadì. Mo dá a lóhùn pé kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Eré tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní geocaching, tí èmi yóò máa pè ní eré àwárí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá mọ ohun tí òun nílò kì í padà sílé lọ́wọ́ òfo. Irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Erédò, ṣùgbọ́n irun ti ń funfun lórí mi kí ó tó di pé mo fi ojú ara mi rí i. Èmi nìkan kọ́. Bí a bá ní kí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó wà níhìn-ín tí ó ti dé etí Erédò rí na ọwọ́ sókè, mo bẹ̀rù pé ọwọ́ tí a ó rí kò ní pọ̀. Ìbéèrè tí ó bí ọ̀rọ̀ mi nìyí: báwo ni ohun tí gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà ṣe lè pamọ́ lójú àwọn tí ó ni ín? Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé eré àwárí, bí a bá so ó mọ́ ìrìn-àjò ọjọ́ kan, tí a sì ṣe é lọ́nà tí ilẹ̀ wa gbà, lè jẹ́ ọ̀nà kan tí a ó fi mọ Erédò kí ó tó run tán lójú wa.

2. Kí ni Eré Àwárí?

Ìtàn eré yìí kò pẹ́. Àwọn sátẹ́láìtì kan wà tí Amẹ́ríkà gbé sí ojú òfuurufú, ní ìwọ̀n 20,200 kìlómítà lókè orí wa. Ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn gbé lọ́wọ́ ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ wọn, ó sì ń ṣírò ibi tí ẹni náà dúró sí. Nítorí ọ̀rọ̀ ogun, ìjọba Amẹ́ríkà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì tí ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ aráàlú rú, tó bẹ́ẹ̀ tí àṣìṣe rẹ̀ lè tó 100 mítà. Ní ìparí ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, wọ́n dáwọ́ ìdàrú yìí dúró. Ní ọjọ́ 3 oṣù náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá kan pamọ́ sínú igbó lẹ́bàá Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ó kó ìwé àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn sínú rẹ̀, ó sì kéde nọ́ńbà ibùdó rẹ̀ fún gbogbo ayé. Àdéhùn rẹ̀ kò le: ẹni tí ó bá rí i, kí ó mú nǹkan, kí ó fi nǹkan mìíràn rọ́pò, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí ó wà níbẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ènìyàn fi rí i. Lónìí, irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí ó wà káàkiri ayé ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà náà díẹ̀, nítorí pé òun ni ìdí eré. Ìjẹ̀bú-Òde wà ní nǹkan bí dígírì 6 àti ìṣẹ́jú 49 sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, àti dígírì 3 àti ìṣẹ́jú 55 sí ìlà-oòrùn. Bí a bá ń lọ sí àríwá, dígírì kan jẹ́ nǹkan bí 111 kìlómítà, ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ nǹkan bí 1,850 mítà. Bí a bá wá pín ìṣẹ́jú kan yìí sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kọ̀ọ̀kan kò tó mítà méjì. Nítorí náà, pẹ̀lú nọ́ńbà díẹ̀ tí a kọ sórí ìwé pélébé, a lè júwe ìdí igi kan ṣoṣo nínú igbó kìjikìji fún ẹni tí kò dé Ìjẹ̀bú rí. Fóònù tí ó wà lápò ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ní gbangba, àṣìṣe rẹ̀ lè má ju mítà márùn-ún lọ. Lábẹ́ igi ni ó ti máa ń ṣì wá lọ́nà, nítorí pé ewé ń dí àmì lọ́wọ́.

Bí eré yìí tilẹ̀ jẹ́ tuntun, bàbá rẹ̀ ti dàgbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní orí òkè Dartmoor, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Perrott, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa mú àlejò rìn káàkiri, gbé ìgò kan sí Cranmere Pool ní 1854, kí àwọn tí ó bá rin ìrìn líle dé ibẹ̀ lè fi káàdì orúkọ wọn sínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé amọ̀nà àlejò ni ó dá a sílẹ̀. Ìgò kọ́ ni ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn wá wò. Ìgò jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n dé ibẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n là kọjá ni èrè wọn. Bákan náà ni ó rí lónìí fún àwọn tí ń ṣe eré yìí nígbà ìsinmi. Wọn kì í rìnrìn-àjò tìtorí àpótí nìkan, àpótí ni ó ń fà wọ́n kúrò lójú títì tí gbogbo àlejò ń gbà, lọ sí ibi tí ìwé àwọn onímọ́tò àlejò kò mẹ́nu kàn.

3. Ohun tí ó Jọ ọ́ Nílẹ̀ Wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì pátápátá ni eré yìí sí wa. Gbogbo wa ni a ṣe bojúbojú ní òṣùpá. Yàtọ̀ sí ti ọmọdé, àwọn baba wa ní ètò mẹ́ta tí ó jọ ọ́.

Èkíní ni àrokò. Àwọn ará Ìjẹ̀bú gbajúmọ̀ nídìí àrokò tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbé àwọn kan láti ilẹ̀ wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí a sì tẹ àpèjúwe wọn jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ ní 1887. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ ni, èyí ni pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Nǹkan tí a dì jọ ni ó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá mọ èdè rẹ̀ nìkan ni ó sì lè tú u.

Èkejì ni ọjà tí a pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà láìsí olùtajà. Àgbẹ̀ a kó iṣu tàbí ọsàn jọ, a fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye owó rẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ sóko. Ẹni tí ó bá ń kọjá a mú ọjà, a sì fi owó sílẹ̀. Mú nǹkan, fi nǹkan rọ́pò: àdéhùn korobá ti Oregon kò yàtọ̀ sí èyí.

Ẹ̀kẹta ni ààlè. Bí ènìyàn bá rí àkísà, ìkarahun ìgbín tàbí àjákù bàtà tí a so mọ́ ara igi eléso, ó mọ̀ pé ohun tí ó wà níbẹ̀ ní olówó, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ pàtàkì wà. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí a gbé sínú igbó kì í ṣe ohun tí kò ní olúwa. Ìpamọ́ àti ìní jọ ń rìn ni. Èmi yóò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo àbá mi dúró lé.

4. Erédò: Àpótí tí Ẹnikẹ́ni kò Lè Gbé

Kí ni Erédò gan-an? Kòtò ni, òkìtì sì ni. Àwọn baba wa gbẹ́ yàrà jíjìn yí ilẹ̀ ká, wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan di ògiri. Níbi tí ó ga jù lọ, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri tó 20 mítà, èyí tí ó ju ilé alájà márùn-ún lọ. Ilẹ̀ tí ó yí ká fẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà láti àríwá sí gúúsù, àti 35 kìlómítà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Lónìí, apá kan rẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, apá kan sì wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ìlú kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ ti ń jẹ́ Erédò títí di òní.

Ọ̀rọ̀ odi àti yàrà Ìjẹ̀bú ti wọ inú ìwé tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, kọ ọ́ pé ìlú ńlá kan wà tí ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí yàrà ńlá yí i ká. Ní 1959, P. C. Lloyd tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa Erédò nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Ní 1999, Patrick Darling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Bournemouth rin inú igbó náà, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Darling ṣírò pé erùpẹ̀ tí a gbẹ́ níbẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ mítà onígun mẹ́ta. Ìròyìn náà tàn ká gbogbo ayé. Àwọn ìwé ìròyìn kan tilẹ̀ kọ ọ́ bí ẹni pé Òyìnbó ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àwárí ohun tí ó sọnù.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yẹn. Erédò kò sọnù. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn bá a pààlà ń fi í júwe ilẹ̀ láti ìran dé ìran. Àwọn tí ń ṣe abẹ̀wò sí Òkè-Ẹ̀rì, níbi tí a gbà pé ibojì Bílíkísù Sùǹgbọ́ wà, mọ orúkọ ẹni tí ìtàn ní ó gbẹ́ ẹ: obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, tí ó fẹ́ fi ohun ńlá sílẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ má bàa parẹ́. Àwọn kan ní òun náà ni ọbabìnrin Ṣébà tí ó lọ kí Sólómọ́nì. Ní ti ìṣírò ọdún, èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí Ọlánrewájú Lásísì àti David Àrẹ̀mú tẹ̀ jáde ní 2016 fi mímọ odi náà sí nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420, nígbà tí ó ti ju ẹgbàá ọdún lọ tí Sólómọ́nì ti kú. Síbẹ̀, ìtàn náà kò dí wa lọ́wọ́. Ó ń sọ fún wa pé obìnrin kan wà ní ọkàn àwọn ènìyàn wa tí ó tóbi tó odi yìí, òun náà sì ni ó ń mú àlejò wá sí Òkè-Ẹ̀rì lọ́dọọdún.

Ohun tí ó sọnù ni ìbáṣepọ̀ àwa ọmọ ìlú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó ń gun mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ẹ̀pẹ́ a máa la Erédò kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, a sì rò pé òkìtì lásán ni òun rí.

5. Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì pinnu láti fi ọjọ́ kan ṣe eré àwárí yìí fún ara wa. A ti wá nọ́ńbà ibì kan lára Erédò, a sì gbé fóònù lọ́wọ́. Láàárọ̀, a kọ́kọ́ lọ sí Òkè-Ẹ̀rì tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, a kí àwọn tí ń tọ́jú ibẹ̀, a sì wo ibi tí wọ́n gbà wá láyè láti wò. Lẹ́yìn náà ni a gba ọ̀nà gúúsù.

Níbi tí a ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú títì, ẹ̀rọ sọ fún wa pé ó ku 200 mítà. A wọ inú oko ẹ̀gẹ́, a kọjá ẹ̀gàn kan, a gun òkè kékeré kan tí igi bò, a sọ̀ kalẹ̀, a tún gùn ún. Ẹ̀rọ ní a ti dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó ní a ti kọjá rẹ̀ ní 30 mítà. Báyìí ni a ṣe ń pààrà fún bí i wákàtí kan, tí oòrùn sì ń mú sí i.

Ìyá arúgbó kan ni ó kó wa yọ. Ó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù ẹ̀gẹ́ lórí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ kú oko o, Màmá." Ó dáhùn, ó sì bèèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ọmọ òun sọnù síbẹ̀. Mo ní Erédò ni à ń wá. Ó wò mí, ó wo fóònù ọwọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, orí rẹ̀ kọ́ ni o dúró sí yẹn?"

Òótọ́ ni. Òkè tí a ń gùn tí a sì ń sọ̀ náà ni ògiri Erédò. Ohun tí a ń wá ti tóbi ju ohun tí ojú wa ń retí lọ. Ìyá náà kò tí ì fi mí sílẹ̀. Ó tún bi mí pé, "Inú ni o wà báyìí, àbí òde?" Èmi tí mo ti ka gbogbo ìwé tí mo dárúkọ fún yín, n kò mọ ìdáhùn. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, ó ní, "Yàrà ni ó ń kọ́kọ́ pàdé àlejò. Ẹ̀gbẹ́ tí ògiri bá wà, inú ilé wa nìyẹn."

Mo ti kà á rí pé ẹ̀gbẹ́ inú ni a kó erùpẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyá yẹn sọ ọ́ ni mo tó mọ̀ ọ́n. Lójijì, ilẹ̀ tí mo ń wò ní igbó lásán di ìlú tí ó ní inú, tí ó sì ní òde. Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, àlejò ni mo jẹ́ lórí ilẹ̀ baba mi ní ọjọ́ náà, títí ìyá náà fi là mí lójú.

Ìyá náà mú wa sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù. Ara ògiri náà le bí òkúta, ó pupa, ewédò sì bò ó níbi púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni a lọ jẹun ní Ẹ̀pẹ́, a ra ẹja lọ́jà, a sì padà sí Ìjẹ̀bú-Òde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jáde nínú oko náà, a rí ibì kan tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ lára ògiri kó erùpẹ̀ lọ. Ojú ibẹ̀ pupa yòò bí egbò. N kò mọ ẹni tí ó ṣe é, bóyá òun náà kò sì mọ ohun tí ó ń gbẹ́. Báwo ni yóò ṣe mọ̀, nígbà tí èmi tí mo wá a wá tún gun orí rẹ̀ láìmọ̀?

6. Ohun tí Ilẹ̀ Wa Bèèrè

Bí a bá fẹ́ mú eré àwárí wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a kò lè gbé e wá ní odidi bí ó ti rí ní Oregon. Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí á ṣọ́.

Èkíní ni àṣẹ. Láyé àtijọ́, kò sí àlejò tí ó wọ Ìjẹ̀bú láì kọjá lọ́dọ̀ oníbodè. Àwọn baba wa di ọ̀nà wọn mú ṣinṣin títí di ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn já a gbà ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Oníbodè ti lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì ní olówó. Òfin eré àwárí pàápàá, níbi gbogbo láyé, sọ pé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí á tó gbé àpótí síbẹ̀, ó sì ka gbígbẹ́ ilẹ̀ láti ri àpótí mọ́lẹ̀ láìgba àṣẹ onílẹ̀ léèwọ̀. Ní Ìjẹ̀bú, onílẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan. Ẹbí ni, baálẹ̀ ni, nígbà mìíràn àwọn abọrẹ̀ sì ni. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Èkejì ni ibi tí kò yẹ kí á kéde. Igbó orò wà, igbó Agẹmọ wà. Nígbà tí àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún bá ń rìn ní àkókò ọdún wọn, obìnrin kò gbọ́dọ̀ fi ojú kàn wọ́n, ẹni tí ó bá ń gbèrò ìrìn-àjò sì gbọ́dọ̀ bèèrè ọjọ́ kí ó tó jáde. Bí a bá tẹ nọ́ńbà igbó bẹ́ẹ̀ síta fún gbogbo ayé, a ti já ààlè tí àwọn baba wa so. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀rọ lè rí ni ó yẹ kí á wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé ìmọ̀ kò ní ẹnu ọ̀nà tí a ń tì. Èmi náà jẹ́ olùkọ́, mo mọ ìyì ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí a fi jíjá ààlè gbà kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, nítorí pé ẹni tí ó ni ín yóò pa ìyókù mọ́ fún wa ni.

Ẹ̀kẹta ni àpótí náà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́. Bí àgbẹ̀ kan bá rí ike tí a dì pinpin lábẹ́ igi nínú oko rẹ̀, tí ìwé àti owó wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹbọ ni yóò kà á sí. Bí kò bá sá fún un, yóò dáná sun ún. Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìlú Wetherby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2011, àwọn ológun tú irú àpótí bẹ́ẹ̀ ká pẹ̀lú ohun abúgbàù nítorí pé wọ́n rò pé bọ́ǹbù ni.

7. Àbá Mi

Nítorí náà, àbá mi ni pé kí á má ṣe gbé àpótí kankan sí ara Erédò. Oríṣi eré àwárí kan wà tí kò ní àpótí, tí a ń pè ní EarthCache, tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2004. Nínú rẹ̀, nọ́ńbà ibùdó ni a fún ènìyàn, pẹ̀lú ìbéèrè tí a kò lè dáhùn àyàfi bí a bá dé ibẹ̀, tí a sì lajú wò ó. Èyí ni ó bá ilẹ̀ wa mu. Ìbéèrè ìyá arúgbó yẹn ni n ó fi ṣáájú: inú ni o wà, àbí òde? N ó tún bèèrè pé: àwọ̀ mélòó ni o rí lára ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀? Ǹjẹ́ omi wà nísàlẹ̀ yàrà? Kí ni àwọn tí oko wọn wà nítòsí ń pe ibẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tí ó lè dáhùn rẹ̀. Àfi kí àlejò kí ènìyàn.

Ta ni yóò ṣe é? A ní ètò kan nílẹ̀. Nígbà ayọ̀ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, gbogbo ayé ń rí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó jọba láti 1960 títí di 2025, fi ìyè tuntun sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń wá wo aṣọ àti ẹṣin ní ọjọ́ náà, tí wọ́n sì ń padà lọ ní ọjọ́ kejì láì tẹ ibòmíràn. Bí Erédò bá jẹ́ 160 kìlómítà, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gba kìlómítà 10, ẹgbẹ́ 16 ni yóò gbà á tán. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rin tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ojú ọ̀nà bá gbẹ. Kí wọ́n bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n yan ibi tí a lè kéde, kí wọ́n kọ ìbéèrè síbẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán ibi tí a bá ti gbẹ́ kó lọ. Nígbà tí ó bá yá, àlejò tí ó wá fún Ojúde Ọba yóò rí ìdí láti sun oorun ọjọ́ kan sí i, láti jẹ ìkọ́kọrẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ọmọ àgbẹ̀ tí ó mú un rìn sì rí owó gbà.

Èmi kò sọ pé eré nìkan ni yóò dá Erédò sí. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1995 ni orúkọ Erédò, pẹ̀lú ti Ìyà Benin, ti wà nínú àtòkọ àwọn ohun tí orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún ayé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sukur wọlé ní 1999, tí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì wọlé ní 2005. Erédò ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òfin ṣe pàtàkì, iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òfin kò lè ṣọ́ 160 kìlómítà igbó. Ojú àwọn tí ó mọ ohun tí wọ́n ń wò ni ó lè ṣọ́ ọ.

8. Ìparí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti sọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Mo sọ pé eré àwárí jẹ́ ọ̀nà láti kúrò lójú títì. Mo sọ pé kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí pé a ní àrokò, a ní ààlè. Mo sì sọ pé ohun tí ó tóbi jù lọ tí ó pamọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwa ni ó pamọ́ fún, kò pamọ́ fún àwọn tí ń ro oko létí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan, mo tún padà sí ibi tí a ti pàdé ìyá náà. Mo fẹ́ fi àwòrán tí a yà hàn án. N kò bá a lóko. Ojú egbò tí mo rí lára ògiri ti fẹ̀ sí i. Mo dúró síbẹ̀, mo sì bi ara mi ní ìbéèrè rẹ̀. Ní ibi tí wọ́n ti gbẹ́ yìí, yàrà ti dí, ògiri ti lọ, ilẹ̀ sì ti tẹ́jú pẹrẹsẹ. N kò lè sọ mọ́ bóyá inú ni mo wà, tàbí òde.

Kí ìyókù má rí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá síwájú yín lónìí.